Asẹ́ Wo Ló Yẹ Táǹkì Ẹja Ńlá Nínú Ilé Tí Iná Kì Í Dúró?

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mo ní ẹja oscar mẹ́rin àti Polypterus méjì nínú táǹkì oní-líta 200, wọ́n sì ti dàgbà kọjá ibẹ̀. Mo ti san owó táǹkì tuntun tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 150, tí ó fẹ̀ ní 60, tí ó sì ga ní 60. Ẹni tó ń ta ẹja fún mi ní kí n ra canister ńlá kan ṣoṣo, pé ó ti tó. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Èkó ní kí n má dán an wò, pé sump nìkan ló yẹ táǹkì tó bá ti tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn tún sọ pé fóòmù àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lásán ti tó. Owó ọwọ́ mi báyìí kò lè ra ju ohun gidi kan lọ. Iná wa máa ń lọ fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́wàá lójúmọ́, inverter wa kò sì lágbára. Ewo ni kí n rà?

*

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ ìwọ̀n táǹkì yín àti bí iná yín ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń béèrè irú ìbéèrè yìí láìmẹ́nu ba iná rárá, bẹ́ẹ̀ iná gan-an ni ó pinnu ohun tí mo fẹ́ sọ.

Kí ó lè yé gbogbo ẹni tó ń bá wa kà á, canister ni agolo ńlá tí a dé pa, tí ó máa ń jókòó sábẹ́ táǹkì, tí páìpù kan ń gbé omi wọ inú rẹ̀, tí òmíràn sì ń dá a padà. Sump ni táǹkì kejì tí kò ní ìdérí, tí omi ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí pọ́ǹpù tó gbé e padà sókè. Asẹ́ fóòmù kò ní ju fóòmù lọ, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀rọ kékeré kan tí ń fa omi gba inú rẹ̀.

Ìdáhùn mi ni sump, pẹ̀lú fóòmù ńlá kan nínú táǹkì òkè tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oníbátìrì yóò máa ṣiṣẹ́ fún nígbà tí iná bá lọ. Bí owó kò bá tó méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ́kọ́ ra fóòmù àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, kí ẹ sì máa kó sump náà jọ díẹ̀díẹ̀. Canister kan ṣoṣo ni èmi kò ní gbé sínú ilé tí iná rẹ̀ ń lọ fún wákàtí mẹ́wàá, bó ti wù kí ó dára tó.

Ìdí rẹ̀ ni pé iṣẹ́ asẹ́ kì í ṣe kí omi mọ́ gaara nìkan. Omi lè mọ́ bí omi òjò kí ó sì máa pa ẹja. Ẹja ń tú ammonia jáde láti ibi tó fi ń mí, oúnjẹ tí ó ṣẹ́ kù àti ìgbẹ́ ẹja náà sì ń di ammonia bí wọ́n ṣe ń jẹrà. Àwọn bakitéríà kan ló ń sọ ammonia yìí di nitrite, tí òun náà jẹ́ májèlé. Àwọn mìíràn, pàápàá Nitrospira, ń sọ nitrite di nitrate, tí ẹja lè fara dà bí kò bá pọ̀ jù. Ara fóòmù, òkúta àti gíláàsì ni àwọn bakitéríà wọ̀nyí ń lẹ̀ mọ́, wọn kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí ọ́síjìn. Nítorí náà ilé àwọn bakitéríà ni a ń rà nígbà tí a bá ń ra asẹ́, ohun tó sì yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ni bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe máa dé inú ilé náà nígbà tí iná bá lọ.

*

Ẹnì kan láti Lekki ta ko mí. Ó ní òun ti lo canister fún ọdún mẹ́rin láìsí wàhálà, pé omi òun mọ́, pé kò pariwo, àti pé kò sí ewu kí omi kún pálọ̀ bí ti sump. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í bí iná òun ṣe rí, ó ní jẹnẹrétọ̀ ńlá ni wọ́n ń lò ní ẹsíteètì òun, iná kò sì ń lọ ju ìṣẹ́jú kan sí méjì. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ èmi náà lè ra canister. Ìmọ̀ràn rẹ̀ dára fún ilé rẹ̀.

Nínú ilé tèmi ní àkókò tí èmi náà ń lo canister, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Iná lọ ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ alẹ́, kò sì dé títí di ìdájí. Nígbà tí ó dé, canister náà tan fúnra rẹ̀, mo sì rí i tí omi dúdú kan tú jáde láti ẹnu páìpù rẹ̀ bí èéfín, tí ó tàn kálẹ̀ nínú táǹkì. Mo yọ wáyà rẹ̀, mo ṣí ìdérí, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ ni ó kọ́kọ́ pàdé mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: agolo náà kún fún ìdọ̀tí àti bakitéríà, omi inú rẹ̀ kò ṣí kúrò lójú kan, wọ́n jẹ ọ́síjìn inú rẹ̀ tán, ìdọ̀tí náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láìsí afẹ́fẹ́.

Ooru ilẹ̀ wa tún dá kún un. Bí omi bá wà ní 20°C, líta kan lè gba nǹkan bí mílígíráàmù 9 ọ́síjìn; bí ó bá gbóná dé 30°C, kò ní gbà ju nǹkan bíi 7.5 lọ, bẹ́ẹ̀ nínú ooru náà ni ohun gbogbo tí ń mí nínú omi ń mí kíákíá sí i.

Ẹni tó bá ti ra canister kò ní láti sọ ọ́ nù. Bí iná bá ti lọ ju wákàtí mélòó kan lọ, kí ó yọ wáyà rẹ̀ kí iná má baà dé bá a lójijì, kí ó da omi inú rẹ̀ nù, kí ó fi omi táǹkì ṣan àwọn ohun inú rẹ̀, kí ó tó tún tan án. Ìbéèrè tó kù ni ta ni yóò máa ṣe èyí lójoojúmọ́.

*

Ẹni tó béèrè ìbéèrè tún kọ̀wé pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹja mi ti sun irú òru bẹ́ẹ̀ rí láìsí fóòmù oníbátìrì kankan, nǹkan kan kò sì ṣe wọ́n. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń bẹ̀rù jù ni?”

Mo gbà á gbọ́. Polypterus máa ń wá sókè gba afẹ́fẹ́ bí ẹja àrọ̀ ti ń ṣe, odò ilẹ̀ wa náà sì ni ọ̀kan lára ibi tó ti wá. Oscar kì í gba afẹ́fẹ́ lókè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nínú omi Amazon tí ó ti wá, ọ́síjìn máa ń dín kù gan-an ní àwọn àsìkò kan, ara rẹ̀ sì ti mọ́ ọn lára láti fara dà á ju ọ̀pọ̀ ẹja lọ. Ìdí nìyí tí òru àìríná kan kò fi pa wọ́n.

Ibi tí ẹ̀tàn wà gan-an nìyẹn. Ẹja là á já, ọ̀pọ̀ bakitéríà lè má là á já bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀, ẹja ń wẹ̀, ẹ fún un lóúnjẹ bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, àwọn bakitéríà tó kù sì lè má tó láti jẹ ammonia náà tán. Ní ọjọ́ kejì tàbí ẹ̀kẹta, oscar á fi igun kan ṣe ibùsùn, ara rẹ̀ á dúdú, yóò máa mí kíákíá, ẹni tó ni ín á sì máa wá àrùn tí ń ṣe é, á lọ ra oògùn, kò sì ní rántí iná tó lọ ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Mo ti rí èyí lójú ara mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì ń dùn mí nítorí pé ẹja náà kò ṣàìsàn kankan. Omi ni ó ń pa á. Lẹ́yìn òru tí iná bá pẹ́ gan-an, ẹ má fún wọn lóúnjẹ ní ọjọ́ kejì, kí ẹ sì pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti sump, nítorí pé èmi tí mo ń yìn ín yìí, ó ti ba kápẹ́ẹ̀tì mi jẹ́ rí.

Táǹkì tí mo kọ́kọ́ fi sump sí gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó sì fẹ̀ ní 50. Nítorí pé mi ò fẹ́ ariwo, mo ti ẹnu páìpù tí ń dá omi padà wọ inú omi ní sẹ̀ǹtímítà 8. Ní òru ọjọ́ kẹta, iná lọ. Pọ́ǹpù dúró, ṣùgbọ́n omi kò dúró. Ó yí padà, ó ń gba inú páìpù kan náà sọ̀kalẹ̀, kò sì dẹ́kun títí ojú omi òkè fi dé ẹnu páìpù yẹn tí afẹ́fẹ́ sì wọ inú rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan nínú táǹkì náà jẹ́ líta 6, mẹ́jọ rẹ̀ sì jẹ́ líta 48, àyè tó ṣẹ́ kù nínú sump kò ju líta 30 lọ. Ẹsẹ̀ mi ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Mo dìde láti wá tọ́ọ̀ṣì, mo gbé ẹsẹ̀ lé kápẹ́ẹ̀tì, ó rin gbingbin, mo sì ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán láti etí sump sílẹ̀, tó, tó, tó, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì iná sílẹ̀ sí. Bí iná bá dé ní ìṣẹ́jú yẹn, n kò mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ sí èmi tí mo dúró nínú omi.

Ohun tí mo ń ṣe látìgbà náà kò le. Ẹnu páìpù tí ń dá omi padà kì í wọ omi ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Mo tún máa ń lu ihò kékeré kan sí ara páìpù náà, ní ìsàlẹ̀ ojú omi díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè tètè wọlé kí ó sì já omi náà. Ṣùgbọ́n ewédò máa ń dí ihò yìí, nítorí náà mo ń fi igi ìtayín gún un nígbà tí mo bá ń pààrọ̀ omi. Àwọn kan ní kí a kàn fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn sí i. Ó lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e, nítorí pé ìgbín kékeré kan tàbí èérún òkúta tó bá há sí i ti tó láti mú kí ó máa jò. Sọ́kẹ́ẹ̀tì iná gbọ́dọ̀ wà lára ògiri, ní òkè, kí wáyà sì kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ kí ó tó gòkè lọ sínú rẹ̀, kí omi tó bá ń tọ wáyà wá lè kán sílẹ̀.

Nínú táǹkì tiyín, sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan jẹ́ líta 9. Bí ẹ bá ṣe sump tí ó gùn ní 90, tí ó fẹ̀ ní 40, tí ó sì ga ní 40, tí ẹ kò sì jẹ́ kí omi inú rẹ̀ ga ju 24 lọ, àyè líta 57 yóò ṣẹ́ kù, èyí sì tó láti gba omi tó bá sọ̀ àti ti inú páìpù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ sọ: ṣé oníṣẹ́ gíláàsì ti lẹ táǹkì náà pọ̀? Bí kò bá tíì ṣe é, ẹ pè é lónìí, kí ó lu ihò méjì sí ara gíláàsì ẹ̀yìn fún omi tí yóò máa sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan fún iṣẹ́, èkejì fún ọjọ́ tí ewé tàbí ìgbín bá dí àkọ́kọ́. Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá gíláàsì náà jẹ́ èyí tí wọ́n fi iná mú le, nítorí pé bí a bá gbìyànjú láti lu ihò sí irú rẹ̀, ńṣe ni yóò fọ́ yángá. Bí ihò kò bá ṣeé lù mọ́, ẹ má ra àpótí tí wọ́n ń gbé kọ́ etí táǹkì láti fa omi sọ̀kalẹ̀. Omi inú rẹ̀ lè já nígbà tí iná bá lọ, nígbà tí iná bá sì dé, pọ́ǹpù á máa gbé omi sókè láìsí èyí tó ń sọ̀kalẹ̀, táǹkì òkè á sì kún àkúnwọ́sílẹ̀. Nínú ilé tí iná ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ewu ọjọ́ kan kọ́ nìyẹn.

*

Obìnrin kan láti Abẹ́òkúta béèrè pé kí ni kí ẹni tí kò lè lu ihò wá ṣe.

Mo lè fi gbogbo ọkàn sọ pé kí ó lo irú asẹ́ tí àwọn ará Jámánì fi orúkọ ìlú Hamburg pè. Odindi fóòmù ni, tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, tí a gé kí ó bá ẹ̀gbẹ́ táǹkì mu láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí a wá gbé dúró bí ògiri sí igun kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbé omi gbà wà. Omi ń rọra gba inú gbogbo fóòmù náà kọjá, kò sí pọ́ǹpù tó lè jóná, kò sí ohun tó lè kún sórí ilẹ̀. Ohun tí kò ṣe ni pé kì í gbé ìgbẹ́ ńláńlá oscar kúrò nílẹ̀ táǹkì. Ẹ óò máa fi rọ́bà fà á jáde fúnra yín lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ibi yìí ni mo ti yàtọ̀ sí ẹnikẹ́ni tó bá ní fóòmù lásán kò lè gba oscar. Ó lè gbà á, bí ọwọ́ ẹni tó ni ín bá ń ṣe ìyókù iṣẹ́ náà.

*

Lórí bí omi ṣe gbọ́dọ̀ yára tó, ìlọ́po mẹ́wàá táǹkì ní wákàtí kan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pariwo. N kò gbà pé ó pọn dandan. Táǹkì yín yóò gba líta 540 bí ó bá kún dé etí. Bí a bá yọ yanrìn, òkúta àti àyè òkè kúrò, ká pè é ní 480. Ìlọ́po márùn-ún gidi, ìyẹn líta 2,400 ní wákàtí, tó fún ẹja mẹ́fà yìí. Ọ̀rọ̀ “gidi” yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Iye tí wọ́n kọ sára páálí pọ́ǹpù jẹ́ ti ìgbà tí kò gbé omi lọ sókè rárá, ti canister sì máa ń jẹ́ ti ìgbà tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Láti sump dé etí táǹkì yín lè tó mítà kan àti ààbọ̀. Ẹ wo àwòrán tó wà lára páálí náà, ibi tí wọ́n ti kọ iye omi ní gíga kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ra èyí tó ṣì ń gbé 2,400 ní gíga yẹn.

Bí ẹ bá ti so ó tán, ẹ gbé korobá oní-líta 10 sí ẹnu páìpù òkè, kí ẹ wo aago. Bí ó bá kún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 15, iṣẹ́ ti bọ́ sí i. Bí ó bá gba 30, ìdajì ni ẹ ń rí.

Pọ́ǹpù oní-wáàtì 50 lè lo bátìrì olómi oní-folti 12 àti 100 Ah fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá, nítorí pé kò yẹ kí a lo irú bátìrì yẹn ju ìdajì rẹ̀ lọ, inverter fúnra rẹ̀ sì ń jẹ nínú iná náà. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oní-wáàtì 5 tí a so tààrà mọ́ bátìrì kan náà lè ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Ẹ fi méjèèjì wé ara wọn, ẹ óò rí ìdí tí mo fi ní kí pọ́ǹpù sùn nígbà tí iná bá lọ, kí fóòmù má sùn.

*

Ohun tí a ń kó sínú sump kò ní láti wọ́n. Kànrìnkàn oníke tí a fi ń fọ abọ́ dára, kìkì kí ó má ṣe onírin, kí ó má sì ní ọṣẹ nínú. Àpáàdì ìkòkò amọ̀ tí kò ní ọ̀dà dára bákan náà bí a bá sè é kí a tó lò ó. Ẹnì kan béèrè nípa àwọn ike kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń yí po nínú omi, tí wọ́n ń pè ní Kaldnes. Ilẹ̀ Norway ni ó ti wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hallvard Ødegaard àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló gbé ọ̀nà náà jáde ní ìparí àwọn ọdún 1980, omi ìdọ̀tí ìlú ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi wẹ̀. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó lágbára ló ń yí i, mi ò sì rí ìdí tí ẹni tí owó rẹ̀ há yóò fi ra á ṣáájú bátìrì.

Ẹ má fi ọṣẹ fọ ohunkóhun nínú rẹ̀ láé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tí ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí mo rìnrìn àjò, fi ọṣẹ fọ gbogbo fóòmù mi, ó sá wọn sóòrùn kí wọ́n lè mọ́. Inú rere ni ó fi ṣe é. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń pààrọ̀ omi lójoojúmọ́ kí àwọn bakitéríà tó padà bọ̀ sípò.

*

Ẹnì kan láti London ní kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún, pé canister òun kò tíì dúró rí. Omi London le, ó ní ẹfun púpọ̀ nínú, ó sì ní oògùn apakòkòrò tí ẹ gbọ́dọ̀ pa kí ẹ tó dà á sí táǹkì. Ìṣòro tiyín nìyẹn. Omi kànga ẹ̀rọ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó kì í ní chlorine, ṣùgbọ́n ó máa ń kan díẹ̀, ó sì máa ń ní irin tí ń fi àwọ̀ ìpáàrà sára fóòmù. Ẹni tó béèrè yìí, ẹ wọn omi yín. Bí pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, bá ti lọ sílẹ̀ sún mọ́ 6, iṣẹ́ àwọn bakitéríà yóò falẹ̀ débi pé asẹ́ tó dára jù lọ kò ní ràn yín lọ́wọ́. Àpò kékeré tó kún fún ìkarahun tí a fọ̀ mọ́, nínú sump, á máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ tún jẹ́ kí omi kànga sun nínú dúrọ́ọ̀mù mọ́jú pẹ̀lú afẹ́fẹ́ kí ẹ tó lò ó.

*

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Oníṣẹ́ gíláàsì kò tíì lẹ táǹkì náà pọ̀, ó sì ti gbà láti lu ihò méjì. Owó tó wà lọ́wọ́ ra fóòmù ńlá méjì, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oní-folti 12 àti bátìrì. Sump di oṣù tó ń bọ̀.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé àwọn fóòmù tuntun yẹn sínú táǹkì oní-líta 200 lónìí, kí wọ́n wà níbẹ̀ pẹ̀lú asẹ́ àtijọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kí bakitéríà lè lẹ̀ mọ́ wọn kí ẹ tó kó ẹja lọ. Ẹ má fi ẹja kan kún mẹ́fà yìí. Ẹ dí ihò méjèèjì pa títí sump yóò fi dé. Ní ọjọ́ tí púlọ́ńbà bá sì parí rẹ̀, kí ó tó kúrò nílé yín, ẹ fa wáyà pọ́ǹpù yọ lójú rẹ̀, ẹ dúró títí omi yóò fi dẹ́kun sísọ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára gíláàsì sump ní ibi tí ó gùn dé, kí ẹ sì tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì sí i. Bí ìlà náà kò bá fi sẹ̀ǹtímítà 5 jìnnà sí etí, ẹ má tíì san owó iṣẹ́ rẹ̀ tán.